Orúkọ ọ̀gá mi ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè: bí klíníìkì òfin ọ̀fẹ́ ṣe bá mi gba owó iṣẹ́ mi

Kí n tó la ẹnu sọ ohun tó gbé mi wá, orúkọ ọ̀gá mi ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Mo jókòó níwájú tábìlì, àpò náílọ́nù tí mo kó ìwé sí wà lórí itan mi. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ kí mi tán, ó ní, "Ẹ má tíì sọ ọ̀rọ̀ yín fún mi o, mà. Ta lẹ bá ní gbólóhùn asọ̀?" Àyà mi já. Mo rò pé wọ́n fẹ́ pè é lórí fóònù ni. Mo ti gbé àpò mi, mo fẹ́ dìde, kó tó ṣàlàyé pé wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ọ̀gá mi náà ti wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wọn rí. Bó bá ti wá, wọn ò lè gba ẹjọ́ mi, torí lọ́yà kan náà kò lè gbèjà ẹni méjì tó ń bá ara wọn jà. Wọn ò sì fẹ́ gbọ́ àṣírí mi kí wọ́n tó mọ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. "Ó yá mà, ẹ máa sọ ọ́."

Látìgbà náà ni ọkàn mi ti balẹ̀ sí wọn.

Klíníìkì òfin ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀. Yàrá kan nínú yunifásítì ni, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, tí lọ́yà tó ti gbàwé àṣẹ sì ń mójú tó wọn. Mi ò ní dárúkọ yunifásítì ọ̀hún, nítorí irú yàrá bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ òfin bá wà nítòsí yín, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gba ẹ̀yìn ilé náà kọjá lọ síbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ọ́fíìsì ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo fi ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, owó oṣù mẹ́ta mi ló wà lọ́rùn ọ̀gá mi. Ó ní òun á san án lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù márùn-ún. Nígbà tó yá, kò gbé ìpè mi mọ́. A ò jọ fọwọ́ síwèé kankan nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà, ẹnu la fi bára wa sọ ọ́, iye tí yóò máa san àti ọjọ́ tí yóò máa san án. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ìwé, kò sí ẹjọ́. Wọn ò purọ́ fún mi, wọn ò mọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ òfin ló ka àdéhùn ẹnu sí àdéhùn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni bí a ṣe máa fi hàn pé ó wáyé.

Kí n tó dé klíníìkì yẹn, ẹsẹ̀ mi ti rìn.

Ẹnu ọ̀nà kóòtù ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin kan wà níta tó wọ ẹ̀wù dúdú, ó ní òun á bá mi kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ kíákíá, kí n san ìdajì owó sílẹ̀. Mo bi í pé níbo ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ó nawọ́ sí mọ́tò rẹ̀. Mo kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún irú wọn, torí ẹni tí ọ̀ràn ti mú ni wọ́n ń dọdẹ. Lọ́yà tó ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ máa ń wà nínú ìwé kan, yálà lọ́dọ̀ ilé ẹjọ́ tàbí lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ẹnikẹ́ni sì lè béèrè bóyá orúkọ náà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan tó ń gba èèyàn lálejò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ láìgba owó. Mo fi ogún ìṣẹ́jú ròyìn bí ọ̀gá mi ṣe máa ń bú mi, bó ṣe pe ìyàwó rẹ̀ wá rí mi, bí mo ṣe ṣàìsàn tí kò bi mí. Ìgbà tí lọ́yà náà máa fi béèrè iye tó jẹ mí, àkókò ti tán. Olóòótọ́ èèyàn ni. Ó sọ fún mi ní tààrà pé iye tí òun máa gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mò ń wá, kò sì ní jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ní nǹkan kan lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan ti sọ fún mi pé kí n kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé kan ṣoṣo kí n tó lọ, ìbéèrè mẹ́ta tó ṣe pàtàkì ì bá ti rí ìdáhùn lọ́jọ́ yẹn.

Ìkẹta ni ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ òfin ti ìjọba. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi níbẹ̀, fọ́ọ̀mù wọn ni kò jẹ́. Wọ́n ní kí n kọ iye tó ń wọlé fún mi lóṣù, mo kọ iye tí ọ̀gá mi yẹ kó máa san. Iye yẹn fi díẹ̀ ju ibi tí wọ́n fi ààlà sí lọ. Owó tí mi ò rí gbà gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n lè bá mi gbà á. Mo sunkún nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé irú ààlà bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ní Nàìjíríà, níbi tí Legal Aid Council, àjọ ìrànlọ́wọ́ òfin ti ìjọba, ti wà láti 1976, òfin ọdún 2011 so ìrànlọ́wọ́ náà mọ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fi lélẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1974 ló dá Legal Services Corporation sílẹ̀, àjọ tó ń fún àwọn ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ òfin lówó, ìpín 125 nínú 100 iye tí ìjọba àpapọ̀ fi ń wọn òṣì ni àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn sì máa ń fi ṣe ààlà. Nítorí náà, ẹ fóònù síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ẹ bi wọ́n níbo ni ààlà wọn wà, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá iye tó wọlé lóòótọ́ ni wọ́n ń kà tàbí iye tó yẹ kó wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ọ̀rọ̀ mi ní klíníìkì ló sọ fún mi pé mo ṣì lè padà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kí n mú ìwé báǹkì dání tó fi hàn pé owó kankan ò wọlé.

Mo ti máa ń gbọ́ pé ẹni tí kò lówó, ìjọba gbọ́dọ̀ fún un ní lọ́yà. Ẹ̀sùn ọ̀daràn ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún jù. Ní 1963, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ Clarence Earl Gideon, ọkùnrin tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n láìsí lọ́yà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì fi pẹ́ńsù kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti inú ẹ̀wọ̀n. Ilé ẹjọ́ ní dandan ni kí ìjọba fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní lọ́yà. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́, lọ́yà dúró tì í lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tí wọn ò san, onílé tó fẹ́ lé èèyàn jáde, ìdájọ́ yẹn ò kan irú wọn. Ẹni tó ní irú ẹjọ́ tèmi, ṣe ló máa wá ìrànlọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Obìnrin kan tó ń gba ìwé ní kóòtù ló júwe klíníìkì náà fún mi. Ó ní òun ò gbọ́dọ̀ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹjọ́ mi, àmọ́ òun lè sọ fọ́ọ̀mù tó yẹ kí n gbà, òun sì lè sọ ibi tí wọ́n ti ń ranni lọ́wọ́. Ó fa bébà kan yọ lábẹ́ tábìlì, ibi mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè irú bébà bẹ́ẹ̀ ní kóòtù tiyín. Wọn kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ọmọ yẹn ṣe. Ó ní kí n da àpò mi sórí tábìlì. Gbogbo rẹ̀ ló tú jáde: ìwé báǹkì, káàdì ìdánimọ̀ ibi iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ kan tí mi ò tíì dá padà, rìsíìtì ọṣẹ tí mo fi owó ara mi rà. Kò yẹ̀yẹ́ mi. Ó mú abala ìwé kan, ó fa ìlà sí àárín rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Apá òsì ló kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́. Apá ọ̀tún, ohun tó jẹ́rìí sí i. Ìwé báǹkì fi hàn pé iye kan náà ló ń wọlé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù, oṣù mẹ́rìnlá léra, kó tó dúró. Ó ní, "Mà, àdéhùn ẹnu tí wọ́n ní kò sí ìwé rẹ̀ nìyí." Mo wo ìwé náà bí ẹni pé mi ò rí i rí.

Oṣù kẹjọ ló dí wa lọ́wọ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ ṣófo. Ọ̀gá mi ti ń sọ fáwọn èèyàn pé mi ò wá síṣẹ́ nínú oṣù yẹn rárá. Ọmọ náà ò sáré mi. Ó ní kí n ronú, kí ló bàjẹ́ nínú ọ́fíìsì lóṣù yẹn, ta ló wá, kí ni mo rà. Ìgbà tó sọ "bàjẹ́" ni mo rántí. Ẹ̀rọ omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè jò lọ́jọ́ kan, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lórí WhatsApp. Mo wá a kàn nínú fóònù mi. Omi ti kún ilẹ̀, ọwọ́ mi tó di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdáhùn ọ̀gá mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: "O ṣeun, pe oníṣẹ́ omi wá." Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ ni. Ọmọ náà kọ ọ́ sí apá ọ̀tún, ó fi bíírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ló pe lọ́yà àgbà tó ń mójú tó wọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá náà sọ fún mi ni ohun tí wọn ò lè ṣe. Ó ní, "Ìyáàfin, a ò lè dúró fún yín níwájú adájọ́. A lè gbà yín nímọ̀ràn, a lè bá yín kọ lẹ́tà, a sì lè kọ́ yín bí ẹ ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ ara yín ní kóòtù kékeré, tí kò pọn dandan kéèyàn mú lọ́yà wá. Bó bá kọjá ibẹ̀, màá sọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ." Nínú gbogbo ibi tí mo lọ, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kìíní. Mo fẹ́ràn wọn nítorí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ parí sí á máa retí lọ́yà tí kò ní wá, ọjọ́ á sì máa lọ. Ẹjọ́ owó iṣẹ́ sì ní gbèdéke, oṣù díẹ̀ péré ni láwọn ibòmíì. Èyí tó bá kọjá gbèdéke, kò sí bó ṣe dára tó, wọ́n lè dà á nù.

Lẹ́tà náà kò ju ojú ewé kan lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ "olè" sínú rẹ̀, mo sì ta kú. Bàbá náà fi sùúrù ṣàlàyé pé bí ọ̀rọ̀ yẹn bá wọ inú lẹ́tà, ọ̀gá mi lè yí ẹjọ́ padà sí ti ìbanilórúkọjẹ́, a ó sì gbàgbé owó tì síbì kan. Iye tó jẹ mí, oṣù tó jẹ́, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá láti san án, àti kóòtù tí mo máa lọ bí kò bá san án: ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹni tó gbà á á fi fọwọ́ sí ìwé, kí n sì pa ẹ̀dà kan mọ́.

Ojú ń tì mí láti máa lọ síbi ọ̀fẹ́, mo sì sọ ọ́. Ọmọ náà ló sọ ìtàn Legal Aid Society ti New York fún mi, pé 1876 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti ran àwọn ará Jámánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sí Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ó sọ ti ọ́fíìsì kan ní North Kensington ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ̀lú, èyí tó ṣí ní 1970, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Bírítéènì, láàárín àdúgbò, kí àwọn èèyàn lè rí lọ́yà nítòsí. Ó ní lórílẹ̀-èdè Sierra Leone, òfin 2012 tilẹ̀ fàyè gba àwọn tí kì í ṣe lọ́yà, tí wọ́n ti kọ́ nípa òfin, láti máa ran aráàlú lọ́wọ́. Ìtàn yẹn tù mí nínú ju bó ṣe rò lọ.

Ọjọ́ kẹrìnlá pé, fóònù mi dún. Ọ̀gá mi ni. Ó fẹ́ fún mi ní ìdá kan nínú mẹ́ta kí n jẹ́ kọ́rọ̀ tán. Mo ti gbọ́ ìkìlọ̀ pé kí n má fẹnu gba nǹkan kan lórí fóònù, mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́. A parí rẹ̀ níbi ìlàjà, ọ̀fẹ́ ni ìyẹn náà. Olùlàjà kì í dá ẹjọ́, kò sì sọ pé ta ló jẹ̀bi. Ó jókòó sí àárín wa, ó gbé abala ìwé tó ní ìlà láàárín yẹn sórí tábìlì, ó ní kí ọ̀gá mi ka oṣù kẹjọ. Ọ̀gá mi kà á. Ó gbà láti san gbogbo rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Àléébù ibẹ̀ wá dé. Lọ́sẹ̀ tí mo máa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, klíníìkì ti tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ìsinmi. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù, kò sí ìwé lára ilẹ̀kùn tó sọ ibi tí èèyàn lè lọ. Ìyẹn dùn mí gan-an, torí ẹjọ́ kì í gba ìsinmi. Ìgbà tí wọ́n padà, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ló wà níbẹ̀, mo sì tún gbogbo ìtàn náà sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ń ṣí lọ́sẹ̀, mo sì dúró ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n tó dá mi lóhùn nígbà kan. Tí ìsinmi bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ máa pè fún yín, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà fáìlì yín.

Mo padà sọ́dọ̀ lọ́yà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo gbé fún un: kó bá mi ka ìwé àdéhùn, kó má ṣe nǹkan míì. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé àwọn lọ́yà kan máa ń gba apá kan iṣẹ́, owó díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà lórí ẹ. Ó kà á, ó fi ìka lé ìlà kejì láti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ kà pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ti fọwọ́ sí i, mi ò ní ẹ̀tọ́ kankan mọ́ lọ́rùn ọ̀gá mi. Ó fà á rẹ́, ó kọ ọ́ pé ẹ̀tọ́ mi kò parí àfi lọ́jọ́ tí owó kejì bá wọlé. Owó kejì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́. Àtúnṣe yẹn ni mo fi sọ fún ọ̀gá mi pé ẹjọ́ ṣì wà, owó sì wọlé.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún klíníìkì náà. Ìkarùn-ún ló bá ilẹ̀kùn tí wọ́n tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni lọ.

Aládùúgbò mi kan ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lórí ọ̀rọ̀ onílé rẹ̀. A jọ jókòó lálẹ́ àná, a fa ìlà sí àárín abala ìwé. Apá òsì ti kún. Ní apá ọ̀tún, oṣù méjì ló ṣì ṣófo, ó sì ní òun á wá rìsíìtì wọn kí ilẹ̀ tó mọ́.